Àkísà Àgbà Ni Mò Ń Jowú

Bàbá mi àtàtà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í jẹ ìrẹsì ọjọ́ Ìsinmi kó tó gbọ́ orin,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti di ọdún méjì, ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe ń kí ẹni tó lọ tí kò ní bọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti ìrìn àjò ibi iṣẹ́ dé. Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Mò ń jowú, Bàbá. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń jowú. Mo mọ̀ pé kò bójú mu kí ọmọ máa jowú bàbá rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n ìgbà èwe yín ni mò ń jowú, kì í ṣe ikú yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín. Ilé ìjọba tí a ń gbé ní Garki yìí kò ní jẹ́ tiwa mọ́. Wọ́n ti tà á. Ẹni tó rà á ti wá yẹ yàrá gbogbo wò lọ́jọ́ kan tí Mọ́mì ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́ ní kíṣìnì, Mọ́mì tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ń fi oúnjẹ lọ àlejò tí wọn kò mọ̀ rí, wọn ò fi ẹ̀pà yẹn lọ̀ ọ́. Ilé oníyàrá méjì kan ni wọ́n rí ní Kubwa, èmi náà sì ń bá wọn lọ. Pálọ̀ ti kún fún páálí. Orí páálí tí a kó abọ́ sí ni mo jókòó lé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Garawa tí kò lọ́wọ́ mọ́, èyí tí ẹ ti sọ nù lẹ́ẹ̀mejì tí Mọ́mì sì lọ gbé e padà, ó wà lára ẹrù tó ń lọ sí Kubwa. Ẹ má dá mi lẹ́bi, mo sọ tèmi.

Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù yín ló wá dá ìjà sílẹ̀ nínú gbogbo ẹrù yìí. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ìjà, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ẹ fojú mi rí.

Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ ó bọ́ agbádá, ẹ ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹ ó yọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan, ẹ ó dì í mú létí-létí bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná, ẹ ó fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, ẹ ó sì fẹ́ atẹ́gùn fúù sí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà. Mọ́mì á ti máa ké láti kíṣìnì pé ìrẹsì ń tutù. Ẹ kì í dá wọn lóhùn. Bí gìtá bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó di ojú, ẹ ó máa fi òrùka ìgbéyàwó yín lu apá àga, kó-kó-kó. Ẹ̀gbẹ́ àga yẹn, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ni ibùjókòó mi. Mo mọ gbogbo orin yẹn kí n tó mọ ìwé kà.

Lẹ́yìn orin ni ìtàn máa ń wá. Ẹ ó sọ bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn ìgbà náà ṣe ń wọ ṣòkòtò bóńgò tó ń gbálẹ̀ kiri ìgboro, tí wọ́n ń wọ bàtà gàráńtì tó ń sọ ènìyàn kúkurú di gíga láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ó sọ bí àwọn eléré ṣe ń lu gìtá títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tí àwọn tó wá jó á sì wá fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ láti ibẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ẹ ó sọ nípa asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri, tí kò ní ibi tí a ti ń yí i sí ìkànnì mìíràn, ohun tó bá sọ fún ọ náà lo máa gbọ́. Ẹ ó sọ nípa tẹlifíṣọ̀n tó ní ilẹ̀kùn onípákó àti kọ́kọ́rọ́, tí onítẹlifíṣọ̀n á tì pa bí inú bá ń bí i sí àwọn ará àdúgbò, tí gbogbo ọmọ tó rọ̀ mọ́ fèrèsé á sì máa bẹ̀ ẹ́.

Ẹnu mi á là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi á máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, ẹ kò sì mọ̀. Ìgbà tí mo fi dáyé, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Abuja tí mo bá, òun náà ń rìn tẹ́ẹ́tẹ̀ẹ́ bí ọmọ ọwọ́ ni. Títì fẹ̀, iná ojú títì pọ̀, òórùn ọ̀dà ilé tuntun wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n lójú tèmi kò sí ògiri kan nínú rẹ̀ tó dàgbà jù mí lọ. Ta ni ń bá ògiri ọjọ́ orí ara rẹ̀ ṣọ̀rẹ́? Mo máa ń wo ọ̀nà tó lọ láti ilé wa dé Area 1, mo máa ń bi ara mi léèrè pé kí ló ti ṣẹlẹ̀ rí níbí. Kò sí ẹni tó jó dé ibi iṣẹ́ láti ibì kankan.

Níbi iṣẹ́ mi ní Wuse báyìí, Màmá Àgbà ni wọ́n ń pè mí. Orin ìwòyí ni fóònù àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń kọ, tèmi ń lu gìtá yín. Mo gbé fóònù sí ẹnu ẹ̀rọ yín láti fi gbà á sílẹ̀, bí ẹ bá sì tẹ́tí dáadáa, ẹ ó gbọ́ ohùn Mọ́mì nísàlẹ̀ tó ń bèèrè ẹni tó gbé ìdérí ìkòkò. Ó dún lọ́jọ́ kan níbi tí a ti ń ṣe ìpàdé, ọ̀gá wa ní ta ló mú bàbá àgbà rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú kò tì mí. Ohun tó dùn mí ni pé awakọ̀ ọ̀gá, bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbọ́ ọ, ó sì di ojú gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń dì í. Ó ní orin yẹn ni wọ́n lù lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ bá ìyàwó òun jó. Mo kí i, mo ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ́ fún ara wọn, mo sì kórìíra rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Kí ló fi yẹ ẹ́ jù mí lọ? Kò mọ̀ ju ẹsẹ̀ kan lọ nínú orin náà.

Fọ́tò yín wá ni olórí gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ èyí tí mò ń wí: ẹ dúró gbọin-gbọin, irun áfúrò yín fẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí fọ́tò, ṣòkòtò bóńgò, bàtà gàráńtì, awò dúdú lójú, gìtá láyà, igi ọ̀pẹ àti ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n kùn sára aṣọ lẹ́yìn yín. Mo gbé e lọ sí ilé fọ́tò ní Area 1, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, mo gbé e kọ́ sókè tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ọ̀rẹ́ mi tó wọ ilé wa tí n kò nàka sí i fún. Mo ní bàbá mi rèé, onígìtá ni, ẹgbẹ́ eléré ni wọ́n wà kí wọ́n tó wọṣẹ́ ìjọba. Mo bi yín léèrè lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí ẹ kò lu gìtá mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n lọ bu omi tútù wá. Mo lọ bu omi. Ọmọ gidi ni mí, n kò bèèrè mọ́.

Ìjà náà rèé wàyí. Bọ̀ọ̀dá Délé wá láti Èkó ní ọjọ́ Ẹtì láti bá Mọ́mì palẹ̀ mọ́. Àǹtí Mìná, àbúrò yín, ti ṣáájú wọn dé, wọ́n ti ká gbogbo kọ́tínì tán kí Bọ̀ọ̀dá Délé tó wọlé. Ẹ mọ ọmọ yín ọkùnrin. Kò béèrè ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, kò béèrè fìríìjì. Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ gbé, ó di búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Ó padà wá gbé ẹ̀rọ, mo sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo bi Bọ̀ọ̀dá Délé pé ta ló fún wọn. Wọ́n ní àwọn ni àkọ́bí. Mo ní àkọ́bí kì í jogún ohun tí kò mọ̀ ọ́n lò. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, èyí tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré: bí nǹkan ṣe rí ní Èkó kí ìjọba tó gbé yín wá sí Abuja, bí tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn ṣe wà ní pálọ̀ landilọ́ọ̀dù, bí orin yìí ṣe máa ń jí àwọn lójú oorun, bí àwọn ṣe ń fi ìka tẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ń gbà. Wọ́n wá fi gbólóhùn wọn dé e, gbólóhùn tí wọ́n ti ń fi gbá mi létí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Ìwọ ò tíì dáyé nígbà yẹn."

Bàbá, ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí lára mi. Ó dàbí kí gbogbo ilé wà nínú pálọ̀ kan, kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Kí ni mo lè fi bá a jà? Ènìyàn lè tọrọ gáfárà pé òun pẹ́ dé ilé ìwé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tọrọ gáfárà pé mo pẹ́ dé ayé?

Mo ní ó dáa, kí wọ́n yan rẹ́kọ́ọ̀dù tó bá wù wọ́n, kí a kọ orin inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n yan ọ̀kan. Wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́, wọ́n kọ ìdajì ìkejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kùn ún. Èmi kọ ọ́ tán, mo fi ẹnu lu gìtá àárín rẹ̀, mo tún kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mọ́mì jáde láti kíṣìnì wá wò mí, wọ́n sì padà wọlé. Bọ̀ọ̀dá Délé ní kò burú, mo mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ kọ́ ni ẹni tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Mo ní àkísà gan-an ni mò ń wí. Mo ní kí wọ́n máa fi aṣọ tuntun ṣe fáàrí. Mo ní àkísà yẹn ni kí wọ́n fún mi. Ìgbà yẹn ni omijé bọ́ lójú mi, èmi tó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oṣù. Mo bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́ nítorí àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù.

Àǹtí Mìná wà nílẹ̀ tí wọ́n ń yọ fọ́tò yín lára ìṣó. Ẹ mọ̀ wọ́n, ọdún tí wọ́n ti lò ní Mìná ti kó Hausa sí wọn lẹ́nu. Wọ́n gbé fọ́tò náà lé itan, wọ́n wò wá lọ, wọ́n wò wá bọ̀.

"Kai," wọ́n ní, "ẹ̀yin ọmọ yìí. Wá níbí. Bá mi ka okùn gìtá yìí."

Mo nu ojú mi, mo wò ó. Bàbá, kò sí okùn kan lára gìtá yẹn. Ẹyọ kan kò sí. Èmi ni mo gbé e lọ sọ di ńlá, èmi ni mò ń nù ún lójoojúmọ́, n kò rí i rí. Igi lásán lẹ gbá mọ́ àyà.

Àǹtí Mìná rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní onífọ́tò ló ni gìtá náà. Wọ́n ní gbogbo ilé fọ́tò nígbà yẹn ló ní irú ẹ̀, aṣọ á wà lórí ìṣó, bàtà á wà nílẹ̀, aago ọwọ́ àti rédíò á wà lórí tábìlì. Bí o bá wọlé pẹ̀lú aṣọ gbígbó ara rẹ, o ó yan èyí tó wù ọ́, o ó wọ̀ ọ́, wọ́n á yà ọ́, o ó bọ́ ọ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní ṣòkòtò bóńgò yẹn tóbi jù yín lọ débi pé onífọ́tò fi ohun tí a fi ń há aṣọ sórí okùn há a lẹ́yìn yín. Bàtà gàráńtì náà, ẹ kò lè fi rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní irun ńkọ́. Wọ́n ní irun kẹ̀, wíìgì ìyàwó onífọ́tò ni.

Mọ́mì rẹ́rìn-ín láti kíṣìnì. Wọ́n mọ̀. Gbogbo ìgbà yìí ni wọ́n mọ̀.

Ìgbà náà ni Àǹtí Mìná jókòó dáadáa tí wọ́n sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ní ìgbà tí Ìbàdàn ń jó, inú ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá yín ní Mìná lẹ wà, tí ẹ ń fi ọ̀pá wọn aṣọ fún àwọn oníbàárà. Díákónì ni Bàbá Àgbà, ọmọ Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, orin ayé kò gbọdọ̀ dún nínú ilé wọn. Ẹsẹ̀ yín kò tẹ ilé ijó kankan ní Ìbàdàn. Ilé ọtí kan ló wà ní òdìkejì títì, ó ní giramofóònù, bí wọ́n bá ti gbé orin sí i, ẹ ó sáré jáde lọ máa tún aṣọ tó wà níta tò, ẹ ó máa tò ó ní jẹ́jẹ́, ẹ ó máa tú u ká kí ẹ lè tún un tò. Àǹtí Mìná ní ìdajì orin ni ẹ mọ̀ nínú gbogbo wọn, torí pé kó tó dé ìdajì ni Bàbá Àgbà máa ń pè yín wọlé.

Ìtàn tí ẹ ń sọ fún mi, wọ́n ní ẹnu àwọn awakọ̀ tó ń kó aṣọ wá láti Ìbàdàn lẹ ti gbọ́ wọn.

Ibi tí Bọ̀ọ̀dá Délé ti dá wọn lẹ́nu nìyẹn. Wọ́n ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyí ní Èkó. Àǹtí Mìná ní irọ́, ti landilọ́ọ̀dù lo gbọ́. Wọ́n ní ẹ kò ní rẹ́kọ́ọ̀dù kankan ní Èkó, ẹ kò ní ẹ̀rọ, iṣẹ́ ni ẹ ń lọ láàárọ̀, ẹ̀kọ́ alẹ́ ni ẹ ń lọ nírọ̀lẹ́. Abuja ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti fi Bọ̀ọ̀dá Délé sílé ìwé tí ọmọ ti ń gbé inú ọgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Mọ́mì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Àǹtí Mìná wá ń bá wọn tọ́jú mi. Ní Sátidé kan ẹ bá ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan pàdé ní ọjà Wuse, tó ń ta àlòkù ẹrù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kó ti Èkó bọ̀ tí kò ráyè nínú ilé tuntun wọn. Ẹ ra ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé lẹ ń lọ, èmi lẹ sì ń mú lọ́wọ́.

"Bàbá yín kò mọ èyí tí wọn ì bá yàn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù," Àǹtí Mìná ní. "Gbogbo rẹ̀ ló ń wù wọ́n, ọkàn wọn máa ń pòrúùrù. Ni wọ́n bá ní kí ọmọ máa bá àwọn yàn án. Ìwọ lo yan gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sì ní pupa lára, ẹkún lo máa sun títí ẹ ó fi délé. Yauwa. Ẹ lọ wo páálí tí a ki rẹ́kọ́ọ̀dù bọ̀."

Kò sí ìdí kí n lọ wò ó. Mo mọ̀ ọ́n. Aṣọ pupa, mọ́tò pupa, lẹ́tà pupa gàdàgbà. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn páálí yẹn tí mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ayé ìgbà yín pupa ni.

Bọ̀ọ̀dá Délé jókòó lórí páálí kan. Páálí gíláàsì ni, a gbọ́ tí nǹkan fọ́, Mọ́mì kò sì bá wọn wí. Ohùn wọn kò ga nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni Bàbá bá ṣeré. Èmi, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sí mi."

N kò ronú kàn án rí, Bàbá, pé ẹnikẹ́ni lè jowú èmi. Mo wá rántí bí wọ́n ṣe máa ń dé fún ìsinmi. A ó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi àti ẹ̀yin, orin á ti gbé wa lọ, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Ẹ ó dín ohùn orin kù. Ẹ ó bi wọ́n pé ipò kélòó ni wọ́n ṣe. Kí ló dé tí ẹ kì í ní kí wọ́n wá jókòó? Àbí ohun tí Bàbá Àgbà fi bá yín lò ni ẹ kò mọ ìgbà tí ẹ fi ń fi bá wọn lò? Nítorí náà ni wọ́n ṣe di gbólóhùn yẹn mú. Pé n kò tíì dáyé, òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n ní tí n kò ní.

Àwọn fúnra wọn ló lọ gbé àpótí náà wá láti inú búùtù, wọ́n gbé e sórí ẹrù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa Mọ́mì. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n ní kí n bá àwọn ká orin kan sínú CD, èyíkéyìí tó bá wù mí. Mo ti ká mẹ́fà fún wọn. N kò fún wọn ní rẹ́kọ́ọ̀dù kankan o. Owú mi kò tíì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá tàn mí jẹ, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ nígbà tí gbogbo wọn sùn. Mo ronú ìtàn yín lọ síwá sẹ́yìn, mo ń wá ibi tí ẹ ti parọ́ fún mi. N kò rí i. Ẹ kò sọ lọ́jọ́ kan pé ẹ wà láàárín àwọn tó ń jó. Ẹ kò sọ pé ẹ fi bàtà gàráńtì dé ibì kankan. Èmi ni mo gbé yín wọ inú ìtàn náà, ẹ sì jẹ́ kí n gbé yín wọ̀ ọ́. Ṣé ó dùn mọ́ yín díẹ̀ láti wà níbẹ̀? Nígbà tí ẹ bá di ojú lórí àga, kí lẹ ń rí? Ṣé ijó ni, àbí ọ̀pá ìwọn aṣọ àti ohùn Bàbá Àgbà tó ń pè yín wọlé? Ṣé ẹ rò pé mo máa fẹ́ràn yín kù bí mo bá mọ̀ pé gìtá yín kò lókùn? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé asọ̀rọ̀mágbèsì kì í gbọ́ èsì. Èmi ló kàn báyìí, mò ń sọ, ẹ kò dáhùn.

Mo rò pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ owú yìí nínú ilé wa. N kò mọ̀ pé ogún ni. Ẹ ti jowú àwọn tó ń jó láti òdìkejì títì kí n tó jowú yín.

Lánàá, lẹ́yìn iṣẹ́, mo yà sí ọjà Wuse. Mo lọ sí ìlà àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, mo béèrè ọkùnrin tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ àti rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà kan. Alhájì kan tó ń ta kọ́tínì kí mi dáadáa, wọ́n béèrè ilé wa, wọ́n ní ọkùnrin náà ti padà sílé tipẹ́. Wọ́n nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣájà fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, àti ìdérí fóònù oríṣiríṣi tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri láti òkè délẹ̀. Mo dúró. Mo di ojú bí ẹ ṣe máa ń dì í. Mo ní kí n gbọ́ ohùn yín, kí n gbóòórùn páálí àtijọ́, kí n rí ẹsẹ̀ mi kékeré nílẹ̀. Bàbá, n kò rí nǹkan kan. Èmi tí mo mọ ariwo ilé ijó Ìbàdàn tí n kò dé rí, n kò rántí ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ ní Sátidé gbogbo.

Mo la ojú, ọkùnrin kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ó ń ná ìdérí fóònù lédè Hausa. Ọmọ náà nàka sí ọ̀kan, ó kọ̀, kò fẹ́ òmíràn. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rà á. Mo wo ọmọ yẹn bí ẹni tó jí nǹkan mi, débi pé ó lọ sá sẹ́yìn ṣòkòtò bàbá rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ mi já sí. Mo ti jowú yín. Mo ti jowú Bọ̀ọ̀dá Délé. Mo ti jowú awakọ̀ ọ̀gá wa tí kò ṣẹ̀ mí. Ní báyìí, ọmọ kékeré kan ni mò ń jowú, èyí tó máa ń sunkún ní Wuse nígbà náà bí rẹ́kọ́ọ̀dù kò bá ti ní pupa lára. Òun lẹ mú lọ. Òun lẹ ní kó bá yín yàn án nígbà tí ọkàn yín pòrúùrù. Ó mọ gbogbo ohun tí mò ń wá, ó sì dàgbà di èmi, kò sọ ọ̀kan fún mi. Àkísà yẹn, èmi ni mo ni ín, Bàbá. N kò kàn mọ ibi tí mo fi í sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn ẹyọ kan péré nínú gbogbo ìbéèrè mi, kí n fi iyòókù sílẹ̀. Tí a bá fẹ́ sọdá títì lọ sínú ọjà, ọwọ́ mi wo lẹ máa ń dì mú, ọ̀tún ni àbí òsì?

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà níbẹ̀.